Ọgbà Olómi Ìlànà Zen Nínú Ilé Yín: Bí Ẹ Ó Ṣe Gbé E Kalẹ̀ Láti Ìbẹ̀rẹ̀

Ìbéèrè kan náà ni ó ń dé ọ̀dọ̀ mi ní gbogbo ìgbà: “Mo fẹ́ adágún kékeré sí ẹ̀yìnkùlé mi, irú èyí tí àwọn ará Jàpáànù máa ń ṣe, tí ènìyàn lè jókòó tì kí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?” Púpọ̀ nínú àwọn tí ó ń béèrè ti ra ẹ̀rọ ìfamisókè, wọ́n ti ra ẹja, àwọn mìíràn tilẹ̀ ti gbẹ́ ihò tán kí wọ́n tó rántí béèrè. Ìdáhùn mi kì í yí padà: àga ni ẹ ó kọ́kọ́ gbé síta, kì í ṣe ṣọ́bìrì. Ojú kan pàtó ni a ti ń wo ọgbà Zen, irú ọgbà tí àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ti ẹ̀ka Zen ń ṣe ní Jàpáànù. Ibi tí ẹ ó máa jókòó sí ni yóò sọ ibi tí omi yóò wà, bí yóò ti fẹ̀ tó, àti ibi tí òkúta tí ó ga jù yóò dúró sí.

## Ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ sí adágún ẹja

Nínú tẹ́ḿpìlì Ryōan-ji ní ìlú Kyoto, òkúta 15 ni ó wà lórí ilẹ̀ tí a da òkúta wẹ́wẹ́ sí, a sì tò wọ́n débi pé bí ènìyàn bá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí a ti ń wò wọ́n, ó kéré tán ọ̀kan yóò fara sin fún un. Ọgbà yẹn kò ní omi rárá, síbẹ̀ ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ni ẹ ó mú lọ sí ìdí omi tiyín: ohun tí a fi sílẹ̀ láìṣe ń ṣiṣẹ́ bí ohun tí a ṣe. Òkúta díẹ̀, omi tí ó dákẹ́, ewéko kan tàbí méjì, àti àyè tí ó ṣófo. Ère, iná aláwọ̀ mèremère, àti omi tí ń tú sókè bí ti òtẹ́ẹ̀lì kò ní àyè níbẹ̀.

## Kí ẹ tó fi ọwọ́ kan ilẹ̀

1. Ẹ gbé àga sí ibi tí ẹ rò pé ẹ ó máa jókòó sí. Ẹ jókòó síbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ní òwúrọ̀, ní nǹkan bí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, àti lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ṣú. Ẹ fetí sí ibi tí ariwo jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ti ń wá, kí ẹ sì wo ibi tí oòrùn ń dúró sí.
2. Ẹ dúró de òjò ńlá kan, tí ó bá jẹ́ ìgbà òjò, kí ẹ wo ọ̀nà tí àgbàrá ń gbà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbẹ́ adágún sí ibi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀ jù nítorí pé ibẹ̀ ni ojú rò pé omi yẹ kí ó wà. Àṣìṣe ńlá ni. Àgbàrá yóò gbé ẹrẹ̀ àti ìdọ̀tí wọ inú rẹ̀, omi abẹ́ ilẹ̀ yóò sì ti ọ̀rá tí a ń tẹ́ sínú ihò kí omi má bàa jò, yóò gbé e sókè bí ikùn aboyún.
3. Ẹ gbójú sókè. Bí igi máńgòrò tàbí igi fúrúùtù bá wà lókè ibẹ̀, ẹ sún kúrò. Ewé fúrúùtù nìkan tó láti sọ omi di dúdú láàárín oṣù kan.
4. Ẹ jìnnà sí ṣakawéè àti sí kànga.
5. Ẹ fi okùn tàbí rọ́bà omi ya àwòrán adágún náà sórí ilẹ̀, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Ẹ wò ó láti orí àga yín, kí ẹ sì tún wò ó láti ojú fèrèsé yàrá.

Kí ẹ tó tẹ̀ síwájú, ẹ rí i dájú pé:
- oòrùn ń dé ibẹ̀ fún wákàtí 5 tàbí 6 lóòjọ́, bí ẹ bá fẹ́ òṣíbàtà;
- ẹ lè fa wáyà iná débẹ̀ láìkọjá ojú ọ̀nà tí ènìyàn ń rìn;
- ẹni tí ó ni ilé ti gbà, bí ẹ bá jẹ́ ayálégbé.

## Ìwọ̀n àti ìṣirò

Ẹ jẹ́ kí a fi adágún tí ó gùn ní mítà 2, tí ó fẹ̀ ní mítà 1.5, tí ó sì jìn ní sẹ̀ǹtímítà 50 ṣe àpẹẹrẹ. Omi tí yóò gbà kò lè ju lítà 1,500 lọ, yóò sì dín díẹ̀ nítorí pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò ní dúró ṣánṣán. Jíjìn yìí tó fún òṣíbàtà. Bí ó bá jìn kéré ju èyí lọ púpọ̀, oòrùn ọ̀sán yóò mú omi gbóná jù.

Fún ọ̀rá tí ẹ ó tẹ́ sínú rẹ̀, ẹ ka gígùn adágún, ẹ fi ìlọ́po méjì jíjìn rẹ̀ kún un, kí ẹ sì fi sẹ̀ǹtímítà 30 kún un ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Mítà 2, àti mítà 1, àti sẹ̀ǹtímítà 60: gígùn ọ̀rá yín yóò jẹ́ mítà 3.6. Ní ìbú, yóò jẹ́ mítà 3.1. Àwọn tí ó gbàgbé láti ka jíjìn lẹ́ẹ̀mejì ni ó máa ń padà wá bi mí bóyá wọ́n lè lẹ ọ̀rá méjì pọ̀. Ẹ má lẹ̀ ẹ́, yóò jò.

Ọ̀rá dúdú tí ó nípọn, irú èyí tí àwọn ọlọ́sìn ẹja ń lò, ni kí ẹ rà. Tapólì aláwọ̀ búlúù máa ń wọ́n kéré, ṣùgbọ́n àwọ̀ rẹ̀ yóò máa wò yín láti ìsàlẹ̀ omi títí ayé. Dúdú ni ó ń sọ ojú omi di dígí tí ojú ọ̀run ń hàn nínú rẹ̀, ìdí tí a sì fi ń ṣe adágún yìí gan-an nìyẹn.

Bí ó bá jẹ́ kọ́ńkéré ni ẹ yàn, ẹ mọ̀ pé ẹ̀fun inú sìmẹ́ǹtì máa ń jáde sínú omi, ó sì ń pa ẹja. Ẹ pọn omi kún un, ẹ dà á nù, kí ẹ tún un ṣe fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó kéré tán kí ohun abẹ̀mí kankan tó wọ inú rẹ̀.

## Gbígbẹ́ ihò àti títẹ́ ọ̀rá

1. Ẹ kọ́kọ́ gbẹ́ gbogbo àyè náà sí ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 15. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àtẹ̀gùn kan tí ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 25 sílẹ̀ yíká, kí ẹ wá gbẹ́ àárín dé sẹ̀ǹtímítà 50. Orí àtẹ̀gùn yìí ni òkúta etí omi yóò jókòó lé.
2. Ẹ wọn etí ihò náà dọ́gba. Rọ́bà tí a lè rí omi inú rẹ̀, èyí tí àwọn bíríkìlà fi ń wọn ìpìlẹ̀ ilé, ni ó dára jù fún iṣẹ́ yìí. Bí apá kan bá fi sẹ̀ǹtímítà 3 péré rẹlẹ̀ ju apá kejì lọ, ọ̀rá yóò hàn ní apá tí ó ga, kò sì sí ewéko tí yóò bò ó. Nínú gbogbo àṣìṣe tí mo ti rí, èyí ni ó wọ́pọ̀ jù, kò sì ṣeé tún ṣe láìtú gbogbo iṣẹ́ palẹ̀.
3. Ẹ ṣa gbogbo òkúta mímú àti gbòǹgbò kúrò. Ẹ da yanrìn tí ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí i, kí ẹ tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ògbólógbòó lé e lórí.
4. Ẹ sá ọ̀rá sínú oòrùn fún wákàtí kan kí ó lè rọ̀. Ẹ bọ́ bàtà kí ẹ tó wọ inú ihò. Ẹ tẹ́ ọ̀rá náà láìfà á le, ẹ jẹ́ kí omi bẹ̀rẹ̀ sí wọlé, kí ẹ sì máa ṣẹ́ ọ̀rá náà ní ìṣẹ́po bí omi ti ń ga.
5. Ní ojú kan ṣoṣo, ẹ ri páìpù kékeré mọ́lẹ̀ tí yóò máa gbé omi òjò tí ó bá pọ̀ jù lọ sí gọ́tà. Òkúta ni ẹ ó fi bo ẹnu rẹ̀.
6. Ẹ má ṣe gé etí ọ̀rá títí omi yóò fi kún tí yóò sì sùn níbẹ̀ mọ́jú. Ìwúwo omi máa ń fa ọ̀rá sílẹ̀. Ẹni tí ó bá yára gé e yóò jí bá a nínú omi.

## Òkúta

Níbí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ jù, nítorí pé omi yóò wá ibùjókòó rẹ̀ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n òkúta kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Mẹ́ta tó. Kí wọ́n jẹ́ irú kan náà, kí àwọ̀ wọn sì bára mu: ọ̀kan tí ó ga, ọ̀kan tí ó rẹlẹ̀, ọ̀kan tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Iye tí kò ṣeé pín sí méjì ni àwọn ológbà Jàpáànù máa ń lò, 3, 5 tàbí 7, nítorí pé òkúta méjì tàbí mẹ́rin máa ń mú kí ojú máa pín wọn lọ́gbọọgba. Akọ òkúta ilẹ̀ wa dára gan-an fún iṣẹ́ yìí. Ẹni tí ó bá ń gbé Abẹ́òkúta tàbí Ìdànrè kò níṣẹ́ wíwá òkúta, ìṣòro tirẹ̀ ni bí yóò ti gbé e délé. Kí ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ilẹ̀, kí ẹ má sì ṣe gbé òkúta kúrò lódò tàbí lórí àpáta tí àwọn ará ìlú ń bọ.

Nígbà tí ẹ bá lọ rà á, ẹ mú omi inú ọ̀rá kan dání. Ẹ fi eyín já igun rẹ̀, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí òkúta tí ẹ fẹ́ rà. Òkúta gbígbẹ gbogbo ni ó dà bí eérú, àfi ìgbà tí omi bá kàn án ni ẹ ó tó rí ilà funfun tí ó gba inú rẹ̀ kọjá, tàbí àwọ̀ pupa tí ó fara sin sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ojú tí ó rí bẹ́ẹ̀ ni ẹ ó kọ sí àga yín.

Ẹ ri ìdá kan nínú mẹ́ta òkúta kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀, kí ó lè dà bí ohun tí ó hù láti inú ilẹ̀. Inú máa ń bí ènìyàn láti ri ohun tí ó fi owó rà, mo mọ̀ ọ́n. Nínú ọgbà tí mo kọ́kọ́ ṣe, mo ra òkúta méje, mo sì to gbogbo wọn sí gbangba nítorí pé mo ti sanwó wọn. Ẹ̀gbọ́n mi wọlé, ó wò ó, ó ní: “Ṣé ẹ fẹ́ kọ́ ilé síbí ni?” Mo kó mẹ́rin kúrò lọ́jọ́ kejì.

Àwọn àṣìṣe tí ẹ ó yẹra fún:
- títo òkúta wẹ́wẹ́ yí adágún ká bí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn;
- gbígbé òkúta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí ìlà kan ṣoṣo, tàbí sí àárín gbùngbùn;
- gbígbé òkúta wíwúwo lé ọ̀rá láìfi kápẹ́ẹ̀tì mìíràn sí abẹ́ rẹ̀.

Fún etí omi, òkúta pẹlẹbẹ ni kí ẹ lò, kí ẹnu rẹ̀ sì yọ sórí omi ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 5. Òjìji tí ó bá ṣẹ́ sílẹ̀ ni yóò pa ọ̀rá mọ́ fún yín.

## Omi tí ń ró

Ẹ̀rọ tí ó lè yí ìdajì omi adágún ká láàárín wákàtí kan ti tó; fún àpẹẹrẹ wa, lítà 750 ní wákàtí kan. Ṣùgbọ́n ẹ ka ara páálí rẹ̀ dáadáa. Iye tí wọ́n kọ gàdàgbà síbẹ̀ ni èyí tí ẹ̀rọ lè tì nígbà tí kò gbé omi ga rárá. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó gbé omi gòkè ní sẹ̀ǹtímítà 75, tí ibi gíga jù tí ó lè dé sì jẹ́ mítà 1.5, ìdajì iye náà ni kí ẹ retí.

Ọparun ni ẹnu omi. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́, ẹ sá a ní ibòji, kí ẹ fi ọ̀pá irin dá ìdènà ojú kókó inú rẹ̀ lu. Kí omi já bọ́ láti sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15, kí ó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ó bá ga ju ìyẹn, ìró rẹ̀ yóò dà bí ti ẹ̀rọ omi tí ẹnì kan gbàgbé láti tì. Ẹ gbé òkúta pẹlẹbẹ sábẹ́ ibi tí omi ń já sí, kí ẹ máa sún un díẹ̀díẹ̀ títí ìró náà yóò fi bá yín lára mu.

Àwọn kan máa ń béèrè nípa ọparun tí ó máa ń kún, tí ó máa ń tẹ̀, tí ó sì máa ń kan òkúta “kọ́!”. Shishi-odoshi ni wọ́n ń pè é. Àwọn àgbẹ̀ Jàpáànù ni wọ́n ń fi í lé ìgalà àti ẹlẹ́dẹ̀ igbó kúrò lóko, ọ̀kan olókìkí sì wà nínú ọgbà Shisen-dō ní Kyoto. Ó wù mí, mo ṣe é, mo sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yàrá. Ní òru ọjọ́ kẹta, ìyàwó mi dìde láìsọ̀rọ̀, ó lọ yọ ẹnu wáyà kúrò lára iná. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ, ẹ jìnnà sí ibi tí ènìyàn ń sùn sí, kí ẹ sì fi títì-ṣíṣí kékeré dín omi kù kí ó má bàa máa kàn léraléra.

Nípa iná ìjọba tí kì í dúró: ẹ̀rọ tí ń lo sólà dára, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé oòrùn nìkan ni ó fi ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó bá tan jẹnẹrétọ̀ kí ó lè gbọ́ ìró omi, kí ó tún ọ̀rọ̀ náà rò.

## Ìkìlọ̀: iná àti ọmọdé

Ẹ̀rọ tí ń lo fóòtì 12 (12V) ni kí ẹ rà, kí ohun tí ó ń dín agbára iná kù sì wà nínú ilé, níbi tí òjò kò lè dé. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná fi bíréékà tí ń já fúnra rẹ̀ nígbà tí iná bá ń jò sí ojú ọ̀nà náà. Ẹ yọ ẹnu wáyà kí ẹ tó ti ọwọ́ bọ omi, nígbàkúùgbà.

Ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn lè kú sínú omi tí kò mù ún dé orúnkún. Ẹ fi irin oníhò bí asẹ́, tí ó lágbára, bo òkè ojú omi, kí omi má bò ó rárá, kí ó sì lè gbé ọmọ dúró. Bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún bá wà nínú ilé, ìmọ̀ràn mi ni kí ẹ fi adágún sílẹ̀ ná, kí ẹ fo lọ sí apá ìsàlẹ̀ tí mo ti ń sọ̀rọ̀ nípa àmù.

## Ewéko àti ẹja

“Ojú oró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò.” Àdúrà rere ni, ṣùgbọ́n nínú adágún yìí, òṣíbàtà nìkan ni a ó jẹ́ kí ó lékè. Ojú oró máa ń bímọ kíákíá, yóò sì bo gbogbo dígí omi yín. Èyí tí ó burú jù ú lọ ni ewéko olódòdó àlùkò tí ó ń dí ọ̀nà ọkọ̀ ojú omi lórí ọ̀sà Èkó: ẹ má mú un wálé rárá.

Gbòǹgbò òṣíbàtà kan, nínú ìkòkò kan, ti tó. Ilẹ̀ amọ̀ ni ẹ ó fi gbìn ín, kí ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sórí rẹ̀ kí amọ̀ má bàa tú sómi, kí ẹ sì gbé e jìnnà sí ibi tí omi ń já sí, nítorí pé kò fẹ́ kí omi máa ta sí ewé rẹ̀. Bí ewé rẹ̀ bá ti bo ju ìdá kan nínú mẹ́ta ojú omi lọ, ẹ gé e. Bí ẹ bá fẹ́ ọparun tútù, inú ìkòkò ni kó wà, kí gbòǹgbò rẹ̀ má bàa gún ọ̀rá.

Ẹja kékeré tí wọ́n ń pè ní guppy, mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá, ni ó yẹ adágún tí ó kéré báyìí. Àrọ̀ yóò máa tú ìsàlẹ̀ omi, epìyà yóò sì bí títí àyè kò fi ní gbà wọ́n. Kí omi ti wà nínú adágún fún ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó wọlé. Bí omi ẹ̀rọ tí ó ní kilorín ni ẹ lò, ọjọ́ kan sí méjì ní gbangba yóò mú un kúrò. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ìlú Bìrìtéènì àti Amẹ́ríkà, chloramine ni wọ́n ń lò, èyí kì í fò lọ bẹ́ẹ̀, oògùn tí ń pa á ni ẹ ó rà.

## Ẹ̀fọn

Nínú ooru ilẹ̀ wa, ẹyin ẹ̀fọn lè di ẹ̀fọn tí ń fò láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá. Nítorí náà, ẹ yan ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, kí ẹ fi àwo funfun bu omi ní igun mẹ́rin adágún. Bí ẹ bá rí tanwíjí tí ń jó nínú àwo, ẹ wo ibi tí omi kò ti ń yí: ìṣẹ́po ọ̀rá, ẹ̀yìn òkúta, àwo abẹ́ ìkòkò òdòdó. Ẹja yóò jẹ púpọ̀ nínú wọn. Bí kò bá sí ẹja, oògùn tí a fi kòkòrò àìfojúrí Bti ṣe yóò pa wọ́n láìpa ewéko tàbí ènìyàn lára. Ẹ má da epo kẹrosíìnì sí i. Yóò pa gbogbo ohun tí ẹ gbìn.

## Bí àyè tàbí owó kò bá tó: ẹ lo àmù

Ní ọgbà ilé tíì ní Jàpáànù, agbada òkúta kan máa ń wà nílẹ̀, tsukubai ni orúkọ rẹ̀, àlejò yóò sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ó tó lè fọ ọwọ́ nínú rẹ̀. Àmù ìyá àgbà lè ṣe iṣẹ́ yìí, àwọn amọ̀kòkò Dada ní Ìlọrin sì ṣì ń mọ ìkòkò.

1. Ẹ ri báàfù oníke sínú ilẹ̀, ẹ gbé ẹ̀rọ kékeré àti búlọ́ọ̀kù sínú rẹ̀, kí ẹ fi irin oníhò bí asẹ́ bò ó.
2. Ẹ gbé àmù lé orí irin náà, ní ojú ibi tí búlọ́ọ̀kù ti gbé e dúró, kí ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ bo irin náà títí báàfù kò fi ní hàn mọ́.
3. Ẹ fa rọ́bà gòkè sínú ọparun, kí omi máa já sínú àmù, kí ó máa kún, kí ó sì máa ṣàn padà sínú báàfù.

Amọ̀ tí a kò fi ohun kankan kùn máa ń làágùn, ìyẹn ni ó sì ń mú omi rẹ̀ tutù; ẹ ó kàn máa bu omi sí i lóòrèkóòrè, pàápàá ní ìgbà ọyẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ibi tí omi ti ń dì, ẹ dà á gbẹ kí òtútù tó dé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò sán.

## Nígbà tí omi bá di aláwọ̀ ewé

Yóò ṣẹlẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta, ìgbà náà sì ni ìpè yóò bẹ̀rẹ̀ sí wọlé sórí fóònù mi. Ewédò wíwẹ́ ni, ó ń jẹ ohun tí ó wà nínú omi tuntun, òṣíbàtà kò sì tíì dàgbà tó láti bá a du oúnjẹ àti oòrùn. Ẹ má da omi náà nù, nítorí pé omi tuntun tí ẹ bá pọn sí i yóò tún gbé oúnjẹ mìíràn wá fún un, ẹ ó sì padà sí ọjọ́ kìn-ín-ní. Ẹ dín oúnjẹ ẹja kù, ẹ fọ kànrìnkàn inú ẹ̀rọ pẹ̀lú omi adágún fúnra rẹ̀, kí ẹ sì fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀ tí kò mọ́, ẹ ka wákàtí tí oòrùn fi ń wà lórí omi. Ó ṣeé ṣe kí ó ju mẹ́fà lọ, aṣọ ibòji kan ní ọ̀sán yóò sì tán an.